Yàrá Kan, Ayálégbé Mẹ́wàá: Bí Àwọn Tó Ń Yáni Ní Sáfà Ṣe Ń Ta Ju Ohun Tí Wọ́n Ní Lọ

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti fẹ́ kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ju ẹni mẹ́ta lọ tó ti bi mí pé, "Bọ̀dá, kí ló dé tí wẹ́bùsáìtì ìjọ wa máa ń kú lọ́jọ́ Sọ́ńdè?" tàbí pé, "Kí ló dé tí ọjà tí ìyàwó mi ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń falẹ̀ bí alẹ́ bá ti lẹ́?" Èmi kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà o. Akáǹtáǹtì ni mí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wo ìwé, kí n sọ bóyá ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni ju ọ̀rọ̀ wáyà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún 2011, èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A ń kó owó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nílé. Ọmọkùnrin kan láàrin wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, bá wa kọ́ wẹ́bùsáìtì tí ènìyàn ti lè forúkọ sílẹ̀ kó sì san owó tirẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Owó sáfà nìkan ni ẹgbẹ́ ń san, £8 lóṣù.

Wẹ́bùsáìtì yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Lọ́sàn-án Túsìdeè, á ṣí wàrà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé, tí alága bá kéde níbi àpèjẹ pé kí oníkálukú mú fóònù jáde kó san owó kànga, kò ní ṣí. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ mọ ilé wa, ẹnu kì í dákẹ́. Àwọn kan ní ọmọ náà kò mọ iṣẹ́. Àwọn kan ní £8 kọ́ ló ń san, pé £2 ló fi ra èyí tí kò dára, ó sì fi ìyókù sápò. Ìyá rẹ̀ ò wá sí ìpàdé mọ́.

Bàbá alága wá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Akáǹtáǹtì, bá mi yẹ ìwé ọmọ yẹn wò. Bó bá jẹbi, ká mọ̀. Bí kò bá jẹbi, ká mọ̀." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní ó dáa.

Mo yẹ rìsíìtì wò. Méjìlá ni, oṣù méjìlá, £8 lóṣù kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ bá ìwé báńkì mu. Owó kò sọnù. Ìbéèrè tó wá kù ni pé: bí owó kò bá sọnù, kí ló sọnù? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí kí n tó mọ ìdáhùn rẹ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń YÁ WA GAN-AN?

Sáfà jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbára tó wà nínú ilé kan, tí iná kì í kú níbẹ̀, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i tọ̀sán-tòru. Láti dá gbogbo rẹ̀ gbà, owó gidi ni. Nítorí náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi ètò kọ̀ǹpútà pín ọ̀kan sí kéékèèké, wọn á sì yá oníkálukú ní ìpín tirẹ̀. Ìpín kékeré yìí ni wọ́n ń pè ní VPS. Bí ẹ bá wọ inú tiyín, á dà bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tiyín, ẹ ní àdírẹ́sì tiyín, ẹ kò rí aládùúgbò.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní VM/370 jáde láti ọdún 1972 fún àwọn kọ̀ǹpútà tó tóbi bí yàrá. Ohun tó yí padà ni pé nǹkan tí ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ń lò nígbà yẹn, ìyá tó ń ta aṣọ ní Peckham lè fi owó ọkọ̀ ọjọ́ kan yá a lónìí.

Ẹ fi wé ilé aláyàlégbé. Oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kànga kan ló wà, ẹnu ọ̀nà kan ló wà, wáyà iná kan ló wọlé. Ohun tí ayálégbé kò lè fojú rí ni iye ènìyàn tí onílé ti gba owó lọ́wọ́ wọn.

ÌṢIRÒ TÓ TÚ ÀṢÍRÍ

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọmọ iléèwé. Àpẹẹrẹ tèmi ni èyí o, kì í ṣe ìwé ilé-iṣẹ́ kankan. Ká sọ pé mo gba sáfà tó ní mẹ́mọ́rì gígábáìtì 32, tí mo ń san £100 fún un lóṣù, pẹ̀lú iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yọ gígábáìtì 2 sílẹ̀ fún sáfà fúnra rẹ̀. Ó ku 30. Mo pín in fún oníbàárà 30, gígábáìtì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní £3 lóṣù. £90 ló wọlé. Mo ti pàdánù £10, n kò sì tíì san owó ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn, tàbí owó káàdì, tàbí owó orí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹun? Mo lè gbé owó sókè. Àbí kí n ta ìpín 60 nínú ohun tó jẹ́ 30. Nígbà yẹn £180 á wọlé, èrè mi á di £80. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, torí ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì ló ń sùn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ra gígábáìtì kan lè máa lo ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré.

Àtàjù nìyẹn. Orúkọ tí mo fi ń pè é nìyẹn: kéèyàn ta ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé gbogbo àwọn tó rà á kò ní wá gbà á lọ́jọ́ kan náà.

GBOGBO ÀTÀJÙ KỌ́ NI OLÈ

Ẹ má tíì bínú. Ẹ rántí pé báńkì tí owó yín wà lónìí, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Wọ́n gba owó yín, wọ́n sì yá ẹlòmíràn nínú rẹ̀ kó fi ra ilé. Bí gbogbo wa bá lọ gba owó wa láàárọ̀ ọ̀la, kò lè tó. Àwa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rántí oṣù September ọdún 2007, nígbà tí àwọn ènìyàn tò láti àfẹ̀mọ́jú níwájú báńkì Northern Rock. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí owó wọn gbé. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, gbogbo wọn sì wá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá tó ń dáná fún òde náà ń ṣe é. Bí a bá pe ènìyàn 300, ó mọ̀ pé àwọn kan kò ní wá, kì í se oúnjẹ 300 gééré. Ìmọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ tó ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹni mẹ́rin, gbájúẹ̀ ni. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Lójú tèmi, nǹkan mẹ́ta ni: iye tí wọ́n fi lé e, bóyá wọ́n sọ fún ẹni tó ń rà á, àti irú ọjà tí wọ́n ń tà. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, òun sì ni kókó ọ̀rọ̀.

Ọjà mẹ́ta ló wà nínú VPS.

Àkọ́kọ́ ni agbára ìṣirò, tí wọ́n ń pè ní CPU. Àkókò ni èyí. Ẹ fi wé ẹ̀rọ ata lójà. Ẹni mẹ́wàá lè gbé ata wá sí ẹ̀rọ kan, gbogbo wọn ló máa lọ ata wọn lọ sílé, àmọ́ ẹ máa dúró. Bí CPU bá kún, ẹ ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní kú.

Èkejì ni mẹ́mọ́rì, RAM. Àyè ni èyí, kì í ṣe àkókò. Ẹ fi wé ẹní. Ẹni méjì kò lè sùn sórí ẹní ẹnì kan lóru kan náà. Bí àyè bá tán, ọ̀nà méjì péré ló kù fún sáfà: kó gbé ẹrù ẹnì kan lọ sórí dísíìkì, tó falẹ̀ ju mẹ́mọ́rì lọ fíìfíì, tàbí kó pa iṣẹ́ ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí àtàjù mẹ́mọ́rì fi léwu ju ti CPU lọ.

Ẹ̀kẹta ni dísíìkì àti ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì dà bíi kànga. Omi lè wà, àmọ́ korobá mélòó ló lè wọ inú rẹ̀ pọ̀? Dísíìkì àtijọ́ tó ń yí, nǹkan bí iṣẹ́ kéékèèké 100 ló lè ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD òde òní ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, okùn gígábíìtì kan kò lè gbé ju tẹ́rábáìtì 324 jáde lọ ní ọjọ́ 30, kódà bí kò bá sinmi rárá. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá ta tẹ́rábáìtì 10 fún ènìyàn 60 lórí okùn kan náà, 600 nìyẹn. Ẹ ti mọ irú ìlérí tó jẹ́.

KỌ́TÌNÌ, ÒGIRI, ÀTI ÒGIRI TÓ LÈ SÚN

Báyìí, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín sáfà yàtọ̀ síra, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó rọrùn láti tà jù níbẹ̀.

OpenVZ, tó jáde ní ọdún 2005, ni ti kọ́tìnì. Gbogbo ayálégbé ń lo kernel kan náà, ìyẹn gbòǹgbò Linux tó ń darí ẹ̀rọ. Kò sí ògiri gidi láàrin wọn, ìwé ìṣirò ló pín wọn. Mẹ́mọ́rì mẹ́gábáìtì 512 tí wọ́n tà fún yín níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú ìwé ni, kì í ṣe àyè tí wọ́n gé sọ́tọ̀. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n, torí náà ló ṣe gbayì gan-an láàrin àwọn tó ń ta VPS olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n bó ti rọrùn láti kọ 512 sí ìwé ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ló rọrùn láti kọ ọ́ sí ti ẹni ọgọ́rùn-ún. LXC, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ìbátan rẹ̀ ni. Níbẹ̀ náà, nọ́ńbà mẹ́mọ́rì tí wọ́n kọ fún yín jẹ́ ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kọjá, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi pamọ́ dè yín.

Xen ni ti ògiri búlọ́ọ̀kù. Yunifásítì Cambridge ló ti jáde, ní ọdún 2003. VPS kọ̀ọ̀kan ní kernel tirẹ̀, bó bá sì ti ń jí ni wọ́n ti ń gé mẹ́mọ́rì rẹ̀ fún un. Bí sáfà bá ní 32, tí 30 ti lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba 4 kò ní rí i gbà. Olówó sáfà lè fi ọgbọ́n gba díẹ̀ padà, àmọ́ ó gba wàhálà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ fi ń sọ nígbà yẹn pé "Xen ni kẹ́ ẹ rà." Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa mẹ́mọ́rì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ata ṣì jẹ́ ẹyọ kan, kànga ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Xen kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ta CPU àti dísíìkì jù.

KVM, tó wọ inú Linux ní ọdún 2007, ni ti ògiri tó lè sún. Òun ló pọ̀ jù lọ́jà VPS lónìí. Òun náà fún VPS kọ̀ọ̀kan ní kernel tirẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí àwọn kan máa polówó pé wọn kò lè ta KVM jù. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Lójú sáfà ńlá, VPS KVM kan jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í fún un ní mẹ́mọ́rì tán lójú ẹsẹ̀, bó bá ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń fún un. Ó lè gbé apá kan rẹ̀ lọ sórí dísíìkì láìsọ fún yín. Ó tún lè fi ètò kékeré kan sínú VPS yín tó ń wú bíi bàlúùnù: bó bá ti wú, àyè tó gbà lọ́wọ́ yín ni sáfà ń gbé fún ẹlòmíràn.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní KSM, tó wọ Linux ní 2009. Bí VPS ogún bá ń lo irú ètò kan náà, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì wọn bára mu, sáfà á sì pa á pọ̀ di ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ó dà bíi kí ìdílé márùn-ún máa ka ìwé orin kan. Kò burú rárá, àfi ọjọ́ tí oníkálukú bá fẹ́ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà. Ọjọ́ yẹn ló máa di dandan kí wọ́n wá ìwé márùn-ún.

Nítorí náà, irú ọ̀nà tí wọ́n fi pín sáfà kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìwà rere. Ohun tó ń sọ fún yín ni ibi tí ẹ ó ti wo àbùkù.

ÌWÉ TÓ JỌ IṢẸ́ MI

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wa. OpenVZ ni tiwa. Ó wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wo fáìlì yìí, ó jọ iṣẹ́ yín." Orúkọ fáìlì náà ni /proc/user_beancounters. Ẹ̀rín pa mí. Beancounter, ẹni tó ń ka ẹ̀wà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó fi ń ṣe àwa akáǹtáǹtì yẹ̀yẹ́.

Ìwé ìṣirò ni lóòótọ́. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, held ni iye tí ẹ ń lò báyìí, maxheld ni èyí tó pọ̀ jù tí ẹ ti lò rí, barrier àti limit ni ààlà, failcnt sì ni iye ìgbà tí nǹkan bàjẹ́. Ojú ewé ni wọ́n fi ń ka mẹ́mọ́rì, ojú ewé kan sì jẹ́ kílóbáìtì 4.

Ìlà tí wọ́n pè ní privvmpages sọ pé ààlà wa jẹ́ ojú ewé 131,072. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, mo pín in: mẹ́gábáìtì 512. Ohun tí wọ́n tà fún wa nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù tí a ti gbà rí jẹ́ 98,304, ìyẹn 384. Failcnt rẹ̀ jẹ́ òdo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò kọjá ààlà wa lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà kò jẹbi.

Mo wá wo ìlà mìíràn, oomguarpages. Òun ló ń sọ iye tí wọ́n ṣe ìdánilójú rẹ̀ fún wa bí mẹ́mọ́rì bá tán lórí gbogbo sáfà. 65,536 ló wà níbẹ̀. Mẹ́gábáìtì 256! Ìdajì ohun tí a sanwó fún. Failcnt rẹ̀ sì jẹ́ 41. Ìyẹn ni pé ó ti di ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì tí sáfà ti pa iṣẹ́ wa, kì í ṣe torí pé a lo ju tiwa lọ, bí kò ṣe pé mẹ́mọ́rì tán fún gbogbo ilé, àwa sì wà lára àwọn tó ti kọjá ìdánilójú wọn.

Mo ní kó gbé ìwé àdéhùn wá. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, pé 256 ló dájú, ìyókù jẹ́ "bó bá wà." Alẹ́ Sátidé tí àwa ń lò ó ni àwọn aládùúgbò wa náà ń lò ó. Ìyẹn ni kò ṣe wà. Nígbà tí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n dáhùn pé àwa la lo ju ìdánilójú wa lọ. Nínú ìwé àdéhùn, wọ́n jàre. Iye ènìyàn tí wọ́n kó sórí sáfà náà, wọn kò dáhùn ìyẹn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo ka ìròyìn mi. Mo ní: rìsíìtì pé, ọmọ yìí kò mú kọ́bọ̀, ilé-iṣẹ́ tó yá wa ní sáfà ló ta ẹní kan fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Àwọn tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, wọn kò tọrọ àforíjì, ẹ mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n Bàbá alága dìde, wọ́n pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀ níṣojú gbogbo wa, wọ́n ní, "Ìyáàfin, ẹ máa bọ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ yín kò dójú tì yín." Ìyẹn tó fún mi.

ÀRÙN KEJÌ

Ẹ má rò pé ìtàn parí síbẹ̀. A kó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, orí Xen, £14 lóṣù. Wẹ́bùsáìtì kò kú mọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́, ó ń rákò bí ìgbín. Ọmọ náà tẹ àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní top, ó fi nọ́ńbà kan hàn mí tí wọ́n kọ st sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdá àkókò tí VPS yín fẹ́ ṣiṣẹ́, tí ó sì wà nílẹ̀, àmọ́ tí sáfà ń dá ẹlòmíràn lóhùn ni. Ó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ ata. Lọ́sàn-án, 1. Lálẹ́, ó lé ní 20. A kọ̀wé sí wọn, a kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé wa lọ sórí sáfà tí èrò rẹ̀ kò pọ̀, ara wa sì balẹ̀. Àtàjù wà ní ibi méjèèjì. Ọ̀kan fi lẹ́tà wínníwínní bò ó, èkejì tún un ṣe.

BÍ Ẹ ṢE LÈ YẸ TIYÍN WÒ

Bí ẹ kò bá lè ṣe é fúnra yín, ẹ fi ìwé yìí han ọmọ yín tó mọ kọ̀ǹpútà.

Èkíní, ẹ mọ irú èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, àṣẹ systemd-detect-virt á sọ fún yín bóyá kvm ni, xen ni, lxc ni, tàbí openvz.

Èkejì, bó bá jẹ́ KVM tàbí Xen, ẹ wo st nínú top. Ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wò ó ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní aago mẹ́jọ alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan tàbí méjì kò burú. Bó bá ń dúró lórí 10 sókè lálaalẹ́, lójú tèmi, ó yẹ kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: àwọn VPS kan wà tí wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ìwọ̀nba ni CPU wọn. Àwọn ẹ̀rọ T2 tí Amazon gbé jáde ní 2014 ń fún yín ní kírédíìtì CPU, bó bá tán, ẹ ó falẹ̀, st náà á sì lọ sókè. Ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ, wọ́n ti sọ ọ́ kí ẹ tó rà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa wo àpapọ̀ mẹ́mọ́rì yín pẹ̀lú àṣẹ free. Bí àpapọ̀ náà bá ń dín kù láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan, bàlúùnù ti ń wú nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ tó rà á, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta nínú lẹ́tà: Ṣé CPU yìí jẹ́ tèmi nìkan àbí ti gbogbo wa? Ṣé mẹ́mọ́rì yìí ti wà ní ìpamọ́ fún mi? Irú dísíìkì wo ni? Ẹni tó bá dáhùn tààrà, ẹ tọ́jú lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ kọjá lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan torí pé wọ́n dín in kù fún yín. Ẹ san ti oṣù kan, ẹ dán an wò ní ọjọ́ tí iṣẹ́ yín pọ̀ jù. Ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tí ẹ ní síbòmíràn.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó ra gígábáìtì ní iye tí kò tó owó iná rẹ̀, kó mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń bá òun pín in. Bó bá jẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ló fẹ́ gbé síbẹ̀, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ owó àwọn ènìyàn tàbí orúkọ rere ọmọ ẹlòmíràn ló gbé kà á, kó fi £6 kún un.

Ní iṣẹ́ tiwa, a máa ń ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ìlérí, gbèsè, àti owó ọwọ́. Ohun tó wà nínú ìpolówó, ìlérí ni. Ohun tó wà nínú àdéhùn ni wọ́n jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Ohun tí sáfà bá fún yín ní alẹ́ Sátidé, òun nìkan ni owó ọwọ́. Ẹ má ka ìlérí kún owó.

Omi kànga náà ti ń jáde nílé, ẹ bá wa dúpẹ́.